Ọjọ́ Tí Ẹ̀rù Kò Bà Mí Mọ́

Tírélà ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọn fèrè kíkankíkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kánjú síbi bíréèkì. Obìnrin tí mo gbé sẹ́yìn ọ̀kadà ló gbá mi lẹ́yìn.

"Ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ṣé o ò ní ìyá nílé ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àyà rẹ̀ ń já. Tèmi ò já rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti ń yọ́ wọlé. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Mo máa ń wo fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí n tó wá fi ọtí paraga gbéra. Mo rò pé agbára ni mò ń mu; ara mi kàn ń wúwo sí i bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde nílé wa ní Ìrémọ, kí n má bàa kí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á fi oríkì mi dáhùn, wọ́n á sì wò mí lójú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí lójú. Ó ṣì ń dùn mí pé mo sá fún wọn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tírélà yẹn, mo bá wọn lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Mò ń ṣọ́ olè tó ń gba ibí jáde ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bá mi wí.

"Kó kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà yẹn wá, Àjàní."

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n mú mi lọ, mo fi fìlà bojú lórí bẹ́ǹṣì kí ará àdúgbò má bàa dá mi mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni: àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè, ó lè kó ayọ̀ àti ìbẹ̀rù lọ pa pọ̀.

"Paraga ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀, mà."

"Látìgbà wo?"

"Àná, mà."

Ó rẹ́rìn-ín.

Oògùn tí wọ́n fún mi níbẹ̀ ò tètè ṣiṣẹ́. Ẹnu mi gbẹ, nǹkan sì tún kọ́kọ́ ṣókùnkùn sí i. Fóònù mi ń sùn ní yàrá Ìyá Àgbà. Láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kí wọn kí n tó lo oògùn, lẹ́yìn náà màá fẹsẹ̀ rìn dé Òkèrèwè.

Ibẹ̀ ni mọ́tò kan ti fẹ̀yìn rìn sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyà mi ń lù kìkì. Mo sáré délé.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀rù bà mí!"

"Ọlọ́run ṣeun, Àjàní."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara tó ṣì fẹ́ wà láàyè. Ìwọ tó ń kà á, bí ẹ̀rù ò bá bà ọ́ mọ́, sọ fún ẹnìkan lónìí.

Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà ní etí aṣọ Ìyá Àgbà. Mi ò tíì béèrè.