Kọ́kọ́rọ́ Kejì Don Gildardo

Lọ́jọ́ ọdún Màríà Wúńdíá ti Kámẹ́lì, tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ìlú Salamina máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí Fadá lè wọ́n omi ìbùkún sí ọkọ̀ wọn, Don Gildardo Ocampo, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tó ti di olóògbé báyìí, já sí àárín títì. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró gbọn-in síwájú ọkọ̀ Rẹnó kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà búlúù. Don Argemiro oníbúrẹ́dì, aládùúgbò rẹ̀, ló wà á.

“Fadá, ẹ má wọ́n omi sí i. Ẹ ti bù kún un lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lórúkọ mi. Ṣé ẹ tún fẹ́ so ìyàwó mi pọ̀ mọ́ ọkùnrin mìíràn lójú mi ni?”

Fadá wo Don Gildardo, ó wo ìlà ọkọ̀ tó gùn dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. “Bàbá, ọkọ̀ tiyín ti kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ buwọ́ lu ìwé ikú rẹ̀.” Ó wọ́n omi náà, ìdajì rẹ̀ sì dà sórí onígbàjámọ̀. Don Gildardo nu ojú, ó ní kò burú, ara ọkọ̀ náà ṣì ni òun jẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ̀yìn rìn, ó sì rún Rẹnó náà mọ́ ògiri. Pupa ni Rẹnó nígbà náà, ti Don Gildardo sì ni. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán obìnrin kan wá láti Manizales. Ó yí ọkọ̀ po, ó sì ṣàlàyé pé bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ọkọ̀ lọ, àwọn kì í tún un ṣe mọ́. Òfò pátápátá ni àwọn ń pè é. Àwọn á san iye rẹ̀ fún olówó rẹ̀, àwọn á sì gba òkú ọkọ̀, ìwé rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí àwọn lè tà á ní gbàǹjo.

Don Gildardo nawọ́ wọ inú ọkọ̀, ó tan rédíò. Orin táńgò ló ń kọ.

“Ṣé òkú a máa kọrin?” ló bi obìnrin náà.

Obìnrin náà ní kò sí àyè rédíò nínú fọ́ọ̀mù òun. Wákàtí méjì gbáko ni Don Gildardo fi ná an. Kì í ṣe owó ló ní kí wọ́n fi lé e o, òfò ló ní kí wọ́n dín kù. Ó ní kí wọ́n kọ “òfò díẹ̀” síbẹ̀. Nígbà tí kò rí bá ti ṣe, ó buwọ́ lùwé, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀, ó sì búra pé ìkejì bọ́ sódò níbi tí òun ti ń pẹja. Doña Ofelia, ìyàwó rẹ̀, tó mọ̀ pé ọkọ òun kò pẹja rí láyé, gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Oṣù méjì kò pé, Don Argemiro ra òkú ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Ó tún un ṣe, ó kùn ún ní búlúù, ó sì ń gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sán. Àwọn tó fẹ́ràn etí wọn kò gẹrun lágogo méjìlá mọ́. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, òótọ́ ni: láàárín oṣù mẹ́ta ṣòkòtò ò dúró ní ìdí Don Gildardo mọ́.

“Ogójì ọdún la ti fẹ́ra,” ni Doña Ofelia sọ fún un. “Ẹ ò jowú mi tó báyìí rí.”

“Kò sẹ́ni tó kùn ọ́ ní ọ̀dà mìíràn rí,” ni èsì rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Don Argemiro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ó ga bí òpó. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá jáde nídìí ààrò, tó fẹ́ wọ ọkọ̀, orúnkún rẹ̀ á gbá ìtọ́kọ̀ tó fi ń darí rẹ̀, torí àga ti súnmọ́ iwájú. Rédíò tó fi sí ìròyìn bọ́ọ̀lù á sì máa kọ táńgò. Don Gildardo, tí kò ga ju àpò kọfí lọ, ní ọkọ̀ tó mọ olówó rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti aago márùn-ún sí méje, tí oníbúrẹ́dì bá kọjú sí iná, Don Gildardo á ti wọ inú Rẹnó jókòó, ti sálúbàtà ti ife kọfí. Kò wà á lọ síbì kankan. Yóò kàn gbé ọwọ́ lé ìtọ́kọ̀, yóò máa wo òkè. A kò tú u fó, a sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni Don Gildardo kú, lójú oorun. Nígbà tí Doña Ofelia ń wọṣọ fún un, ó rí kọ́kọ́rọ́ kan lọ́rùn rẹ̀, lórí okùn kan náà pẹ̀lú àwòrán Màríà Wúńdíá. Ojú tì í. Ó mú un lọ bá Don Argemiro níbi tí a ti ń ṣàìsùn òkú, ó ní ẹrù rẹ̀ nìyí, kó má bínú.

“Doña Ofelia, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Orúnkún mi ló sọ fún mi. Mo pe ẹni tó máa pààrọ̀ àgádágodo ọkọ̀, ó dé, mo ní kó máa lọ.”

Doña Ofelia bi í pé kí ló dé.

Don Argemiro wo pósí. “Èmi náà ń jowú. Èmi ni mo níwèé ọkọ̀, òun ni ọkọ̀ ń kọrin fún. Mo ní tí mo bá lé e, ọkọ̀ á dákẹ́ fún àwa méjèèjì.”

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó dìde, ó fi í kọ́ ọrùn òkú padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Rẹnó búlúù ló ṣíwájú pósí lọ sí itẹ́ òkú, táńgò ń dún nínú rẹ̀. Òun náà ló ṣì ń gbé búrẹ́dì kọjá lọ́dọ̀ wa lónìí. Bí a bá sọ fún Don Argemiro pé kó ti àga sẹ́yìn, kó yọ orúnkún kúrò láyà, á ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ẹni tó ni ín á fẹ́ jókòó.