Ìyá Òǹtẹ̀ àti Yunifásítì Méjì

Àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ ní òpópónà wa. Ìyá Òǹtẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí tábìlì méjì lè gbà lọ: ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń da rọ́bà bo ìwé kó má baà ya. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń bo ìwé-ẹ̀rí fáráyé. Lọ́dún kan, ẹnì kan gbé ìwé-ẹ̀rí méjìlá wá, ó bò wọ́n, àṣé ayédèrú ni gbogbo wọn. Ọlọ́pàá wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ọjọ́ náà, bí o bá gbé ìwé fún un, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò fi èékánná họ òǹtẹ̀ ara rẹ̀, yóò wá wò ọ́ lójú bí ẹni pé ìwọ gan-an ni ayédèrú.

Ọkùnrin kan gbé ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wá níṣojú mi. Ìyá Òǹtẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Ìyàwó yín mọ̀ sí èyí?" ló bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Òǹtẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Kò sí olùkọ́, àfi fídíò àti ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ọjọ́ tí ètò àkọ́kọ́ tí mo kọ ṣiṣẹ́, ṣe ni mo sáré bọ́ sí títì bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Nítorí náà, nígbà tí yunifásítì méjì gba ọmọbìnrin Ìyá Òǹtẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé, láti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn wò ó èwo ló sàn. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ fún àwọn yunifásítì náà lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan ṣoṣo ló sì lè mú.

Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo fa ìlà sórí ìwé ńlá, mo kọ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kìíní sápá kan, ti èkejì sápá kejì. Yunifásítì àgbà, tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi, ṣì ń fi èdè kọ̀ǹpútà táwọn èèyàn ti pa tì kọ́ ọmọ ọdún kìíní. Tuntun ńkọ́? Láti sáà àkọ́kọ́ ni ọmọ á ti máa kọ ètò, bó bá di ọdún kẹta, á lo oṣù mẹ́fà nílé-iṣẹ́. Tuntun ni ọkàn Akọ̀wé fà sí.

"Àǹtí, tuntun yìí ò lẹ́gbẹ́," ni mo wí.

"Kò lẹ́gbẹ́. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ìfọwọ́sí ìjọba ò kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Èmi ńkọ́? Ta ló fọwọ́ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí ọ. Ìdí nìyẹn tó o fi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí díẹ̀, torí òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ti yin iṣẹ́ mi títí, àfìgbà tí wọ́n béèrè ìwé-ẹ̀rí.

Àǹtí tutọ́ sí ìka, ó fi pa lẹ́tà tí yunifásítì tuntun kọ. Yíǹkì rẹ̀ ṣí.

"Ẹ ò rí i? Ìwé-ẹ̀rí ti yunifásítì àgbà nípọn. Bó o bá fọwọ́ kàn án, wàá mọ̀ pé ilé-ìwé lo fọwọ́ kàn."

Mo ṣí orúkọ àwọn ilé-ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí lórí fóònù mi.

"Gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Èmi náà lè tẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́rú, Ìyá Òǹtẹ̀ tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì forí lé ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá wa lóhùn. Ó ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe odindi ilé-ìwé. Ó wá orúkọ yunifásítì tuntun: ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ó ku ọdún mẹ́ta kí ìfọwọ́sí rẹ̀ parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ni Àǹtí wí.

Obìnrin náà tún un kà.

"Àgbà ńkọ́?"

"Ti òfin ń bẹ, ti ìṣègùn ń bẹ. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà... èyí ti parí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọn ò tíì tún un ṣe."

"Bóyá ẹ ṣì í kọ ni."

"Mà, àwa la kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹni tó bá gboyè ẹ̀kọ́ tá ò fọwọ́ sí, iṣẹ́ ìjọba lè má gbà á, yunifásítì míì náà lè má gbà á."

A jáde. Àǹtí ṣíwájú wa títí dé ẹnu géètì.

"Má rẹ́rìn-ín," ló wí fún mi.

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

"Ojú ẹ ń rẹ́rìn-ín." Ó dúró. "Ọdún mẹ́rin lọmọ mi máa lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló kù nínú ìfọwọ́sí wọn. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹrin?"

Pẹ̀lú gbogbo ìlà tí mo fà, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́bọ̀, a dé yunifásítì tuntun. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Olórí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ọkùnrin tí ò tíì dàgbà púpọ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè. Àǹtí ò jókòó kó tó béèrè ọ̀rọ̀ ọdún kẹrin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin náà á búra ni. Ṣe ló fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ, ó mú lẹ́tà kan jáde.

"Ohun tí àwọn tó wá yẹ̀ wá wò sọ nìyí, mà. Wọ́n ní olùkọ́ méjì la ṣì nílò, ìwé tó wà ní láíbìrì ti pẹ́ jù, bí iná bá lọ, ìdajì kọ̀ǹpútà wa ló ń kú. A ti gba olùkọ́ kan. A ṣì ń wá èkejì. Wọ́n á tún padà wá. Mi ò lè fi dá yín lójú pé a máa yege."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi lẹ́tà yìí hàn mí?"

"Ẹ béèrè ni, mà."

Àǹtí jókòó. Ó ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, ó padà sókè, ó tún un kà.

"Gbogbo ìwé tí mo ti rí láyé mi, ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n ń yìn," ló wí. "Èyí nìkan ni mo rí tó ń bú ẹni tó ni ín, tí ẹni náà ò sì ya á."

Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Bọ́ síwájú, fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ." Ó tún yíjú sí ọkùnrin náà. "Màá máa wá wò ó bóyá olùkọ́ kejì ti dé."

"Ẹ máa bọ̀, mà," lọkùnrin náà wí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló pè é.

Akọ̀wé ti lo sáà kan níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ ti lọ. Olùkọ́ kejì ò tíì dé.