Ọ̀gá Tó Bá Mi Fèsì

Ọ̀gá ilé íńtánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní Kábà máa ń ti awò ojú rẹ̀ síwájú orí bó bá ti ka lẹ́tà onílẹ́tà tán. Àdírẹ́sì íméèlì tirẹ̀ ni gbogbo wa ń lò, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ wa.

"Àbúrò, okun o," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa ní Kábà. "Yunifásítì òkè òkun yẹn gbà ọ́."

Mo fò sókè.

"Jókòó ná. Èsì kíákíá ni wọ́n fẹ́, mo ti bá ọ fèsì."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Pé ìyá rẹ ń ṣàìsàn, o ò ní lè wá. Àbí irọ́ ni?"

Kò bi mí. Kò bi ìyá mi.

Oṣù yẹn náà ni ara ìyá mi yá. Ó gbé iṣu rù, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé kò jẹ́ kí ọmọ òun lọ.