Wàláà Ni Mo Kan Ẹ̀rọ Jìtá Mi Mọ́

Ẹ gbà mí, alẹ́ òní la máa ṣeré ní Bakau, ẹ̀rọ jìtá mi sì ti há.

Mi ò rówó ra pákó, ni mo bá mú èyí tí àgbàrá gbé wọ àgbàlá wa ní Campama. Mo kan àwọn ẹ̀rọ tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn jìtá padà mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ọjà dé, wọ́n rí àmì tàdáwà lẹ́yìn pákó náà.

"Wàláà ilé kéwú nìyí. Ibi tí wọ́n ń kọ Kùránì sí lo fẹ́ máa fẹsẹ̀ tẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ n tú u."

"Má fọwọ́ kàn án títí alùfáà á fi wá tú u lọ́jọ́ Jímọ̀."

Wọ́n ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tòun ti ẹ̀rọ mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi olórin, ṣé kò tiẹ̀ sí alùfáà kankan láàárín yín ni?