Afẹ́fẹ́ Fọganáísà Nínú Àgbá Ṣúgà

Mi ò tíì rí aláṣehàn bí ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Ìkaté, nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹsipirẹ́sì, tí eruku ń bá wa jẹun. A máa ń se ṣúkù àgbàdo, a ó da ìwúkàrà sínú omi dídùn tó jáde lára rẹ̀, ìwúkàrà á sì sọ ọ́ di ṣúgà tí alátọ̀gbẹ lè jẹ. Àwọn àlejò tó fẹ́ fowó sílé iṣẹ́ náà ń bọ̀ láti Oníru wá tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, ilé iṣẹ́ á dúró. Bí kò bá dùn, kálukú á wábi gbà, èmi tí mo torí iṣẹ́ yìí kó kúrò n'Íbàdàn pẹ̀lú.

Afẹ́fẹ́ ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ìwúkàrà ò bá rí afẹ́fẹ́ rárá, kò ní lè ṣe é. Bó bá sì pọ̀ jù, á jẹ ohun dídùn náà tán fúnra rẹ̀, á máa bí sí i. Díẹ̀díẹ̀ là ń fún un, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ro mí. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Irọ́ gbuu!

Ó ku ọ̀la kí àlejò dé, ó wo àgbá, ó yínmú.

"Kí ló dé tó dákẹ́ báyìí? Ní Èkó, ta ló máa gbà pé ẹ̀rọ tí ò pariwo ń ṣiṣẹ́?"

Ló bá lọ yá ẹ̀rọ tí fọganáísà etí títì fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ àgbá. Ẹ gbà mí o! Àgbá ń hó yẹ̀ẹ̀, ìfófòó ń dà sílẹ̀, ọ̀gá ń ya fọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa á."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ṣé ìwọ ni ọ̀gá ni?"

Ó tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gẹ̀ẹ́sì tó sọ fún àwọn àlejò kì í ṣe kékeré. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Màmá àgbà kan wà láàárín wọn, alátọ̀gbẹ ni wọ́n, wọ́n gbé tíì tiwọn wá nínú fúláàsì. Mo sẹ́ omi àgbá, mo bù ú sínú ife tíì wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n tún mu ún, wọ́n wojú mi.

"Ọmọ mi, ṣúgà ọ̀hún dà?"

"Ìwúkàrà ti jẹ ẹ́ tán, Mà. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún un."

Màmá dé fúláàsì wọn, wọ́n dìde. Mọ́tò wọn ò tíì kúrò lẹ́nu géètì tí ọ̀gá aláìnítìjú yìí fi kọjú sí mi.

"Ìwúkàrà burúkú lo rà," ó ní. "Lọ kó ẹrù ẹ."