Ọjọ́ Tí Ọṣẹ Kò Hó

Aṣọ ni mò ń fọ̀ nígbà tí ọ̀gá mi pè mí. Aṣọ ọmọ mi ni, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ọṣẹ dé ìgúnpá, mo sì fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí bí gbogbo ìyá ọlọ́mọ kékeré ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Ijapo Estate ní Àkúrẹ́. Ó ní iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ọ̀bà-Ilé ti dá òun dúró, òun ò ní lè bá mi lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì mọ́. "Ìwọ lo máa lọ dá a so," ó ní. "O mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣáà rántí nọ́ọ̀tì."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Àyà mi já. Kì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́ náà o. Ẹni tí mo fẹ́ lọ so éésì fún ló jẹ́ kí àyà mi já. Ìyá ọkọ mi ni.

Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń wo gbogbo ènìyàn bí ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí inú bá ń bí wọn, èdè Oǹdó ni wọ́n máa fi bá ènìyàn wí. Bó bá ti di Yorùbá ilé-ìwé, inú wọn ti rọ̀ díẹ̀ nìyẹn, wọ́n fẹ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí mo fi ṣọ́ọ̀bù mílíìkì àti bisikíìtì mi sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ éésì, Oǹdó ni wọ́n sọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ni obìnrin tó bímọ ń wá lórí àkàbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kí ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Oǹdó bí sáà tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, kí èmi lè ráyè máa gun àkàbà mi.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Ó fẹ́ràn èmi àti ìyá rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù àwa méjèèjì. Òun ló wá dá ọgbọ́n kan. Màmá ti ra éésì sílẹ̀ nítorí pé àwọn ìyá ìjọ máa ṣe ìpàdé ní pálọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó wọn wá so ó, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Màmá gbà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e: "Bí pálọ̀ mi bá tutù kí àwọn ìyá ìjọ tó dé, kó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Bí kò bá tutù, ọmọ á dúró tì mí, kò sì gbọdọ̀ di ìjà."

Ọkọ mi ní àwàdà ni. Èmi náà fẹ́ gbà pé àwàdà ni, àfìgbà tí mo dé Oǹdó lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí èmi àti ọmọ gbé àpò irinṣẹ́ wọ pálọ̀, tí mo rí yunifọ́ọ̀mù kékeré kan tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi ló máa bá mu gẹ́lẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Éésì alápá méjì ni. Ọ̀kan á wà lára ògiri nínú ilé, èkejì á wà níta. Páìpù kọ́pà méjì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan tóbi díẹ̀, ló máa so wọ́n pọ̀, inú wọn ni gáàsì ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀. Bí gáàsì bá rí ibi kékeré jò, ìyókù ọ̀rọ̀ di ooru. Mo gbẹ́ ihò sára ògiri, mo jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síta kí omi lè máa ṣàn jáde, mo sì gbé apá ti inú kọ́. Màmá ń wò mí láti orí àga bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ nínú ìdánwò.

Ìta ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn ni wọ́n sin ọkọ Màmá sí, wọ́n lẹ táìsì sí ibojì náà, ó ń dán. Màmá kò fẹ́ kí ohun tí yóò máa fẹ́ ooru súnmọ́ ibẹ̀. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì jáde látinú báàgì wọn, wọ́n fa ìlà funfun sórí sìmẹ́ǹtì. "Má kọjá ibí. Bàbá yín kò fẹ́ràn ooru nígbà tó wà láyé." Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo to búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ìlà, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo na páìpù. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ni ihò páìpù yọ sí, agbára káká ni páìpù fi dé ara ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí n sọ nípa nọ́ọ̀tì yẹn. Kí páìpù tó lè di mọ́ ara ẹ̀rọ, èèyàn á kọ́kọ́ fi irin fẹ ẹnu rẹ̀ kó là bí ẹnu fèrè. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń dì í mọ́ ẹ̀rọ gbọdọ̀ ti wọ ọrùn páìpù ṣáájú, nítorí bí ẹnu bá ti là, kò lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnikẹ́ni kì í fẹ ẹnu páìpù láìjẹ́ pé ẹlòmíì bèèrè pé, "Ó ti wọlé?" kí onítọ̀hún sì dáhùn pé, "Ó ti wọlé." Ẹ̀rín ló máa ń pa mí nígbà náà. Mo ní bí ìgbà tí àlùfáà bá ń kà tí ìjọ ń dáhùn ló rí, pé ta ni nọ́ọ̀tì máa gbàgbé.

Èmi ni. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo ti fẹ ẹnu páìpù ńlá náà, ó là dáadáa, ó rẹwà débi pé mo ń fi ìka pa á lára, kí n tó na ọwọ́ sápò tí mo bá nọ́ọ̀tì níbẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo gé ẹnu páìpù náà dànù. Èyí tó kù kò dé ara ẹ̀rọ mọ́, ó kù bí ìbú ìka kan. Bí mo bá ní kí n lọ ra kọ́pà ní Àkúrẹ́, àwọn ìyá ìjọ á ti ṣe ìpàdé tán. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo lè fipá fà á, kí n fi sípánà dì í pinpin. Pálọ̀ á tutù lọ́jọ́ yẹn, màá mú ọmọ mi, màá lọ. Kó tó di oṣù kejì, gáàsì á ti jò tán, ó ti di ẹjọ́ ẹni tó ta éésì nìyẹn. Ẹ má wò ó pé mò ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, mo di páìpù náà mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á. Mo wá wo ojú fèrèsé, mo rí àga Màmá níbi tí wọ́n máa jókòó sí nínú ooru, tí wọ́n á máa tẹ rìmóòtù, tí wọ́n á máa tún un tẹ̀. N kò lè fà á.

Mo wọlé. "Màmá, mo ti ṣe àṣìṣe."

"Kí lo bàjẹ́?"

"Mo gbàgbé nọ́ọ̀tì. Mo ní láti gé páìpù, kò wá dé ibi tí ẹ̀rọ wà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ kọjá ìlà yín."

Wọ́n wò mí. Mo ń retí èdè Oǹdó.

"Ta ló yẹ kó rán ọ létí?"

Yorùbá ilé-ìwé ni. Mo ní, "Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń bèèrè. Á ní, 'Ó ti wọlé?'"

"Ẹni tó bá wà nítòsí. Èmi tí mo jókòó síbí láti àárọ̀, ọ̀nà jíjìn ni mo wà?"

Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ síbi ibojì, wọ́n sì bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, ẹ mú un mọ́ra díẹ̀. Ìyàwó yín ló ń ṣiṣẹ́." Wọ́n fi bàtà pa ìlà rẹ́, wọ́n fa òmíràn síwájú. Àwa méjèèjì ti ẹ̀rọ náà, mo sì kọ ojú fáànù rẹ̀ sí ibi tí wọ́n gbin ata sí.

Mo gbé páìpù. Màmá káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dúró tì mí. "Ó ti wọlé?" Ohùn kíláàsì ni, ewúrẹ́ aládùúgbò gan-an gbójú sókè.

"Ó ti wọlé, mà."

"Gbé e sókè kí n rí i."

Mo gbé e sókè.

Mo so gbogbo rẹ̀ tán, mo fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, mo sì ṣí gáàsì sí i. Ó wá ku ọṣẹ. Omi ọṣẹ la máa ń fi kan ojú ìsopọ̀. Bó bá hó, ó ń jò. Ọmọ mi ló po ọṣẹ náà nínú abọ́, òun ló gbá kànrìnkàn mú, nítorí mo ti máa ń jẹ́ kó rí i ní ṣọ́ọ̀bù bí ọṣẹ ṣe ń wú róbótó bíi bàlúùnù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Èmi ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kó má hó. Ọmọ mi ń bẹ̀bẹ̀ sókè pé kó hó. Kò hó.

Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ dé, ọ̀kan nínú wọn fa ìborùn bo apá méjèèjì. Màmá rí i, ó dùn mọ́ wọn nínú ju orin ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá náà bi Màmá pé ta ló so ó. "Ìyàwó mi ni," Màmá dáhùn. "Èmi ni mò ń bèèrè nọ́ọ̀tì." Kò sí ẹni tó yé, wọn kò sì ṣàlàyé. Kí n tó lọ, wọ́n yọ yunifọ́ọ̀mù náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ká a sínú ọ̀rá, wọ́n tì í sínú àpò irinṣẹ́ mi lórí sípánà. "Kó máa wọ̀ ọ́ wá kí mi," wọ́n ní.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Ọ̀bà-Ilé. Éésì Màmá ṣì ń tutù, Màmá sì ṣì ń pè mí láàárọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé mo níṣẹ́. Wọn kì í kí mi kí wọ́n tó bèèrè. Bí wọn kò bá pè, mo máa ń bi ara mi pẹ̀lú ohùn wọn, màá sì gbé páìpù sókè bí ẹni pé ẹnì kan ń wò ó.

Àmọ́ nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi fajú ro. Ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń run ọṣẹ. "Màmi," ó ní, "ọṣẹ yẹn ò dáa. Kò hó rárá."

Mo sọ fún un pé, "Ọṣẹ yẹn dáa. Àìhó rẹ̀ ló jẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ máa lọ sílé. Tá a bá dé, màá po òmíràn fún ẹ. Ìyẹn á hó títí á fi sú ẹ."