Ọjọ́ Tí Káfíńtà Búra Nínú Ẹgbẹ́ Onídà Wa

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ní òórùn kan tó ń dùn mọ́ mi nímú títí dòní, pàápàá bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Òórùn yẹn ló máa ń kún yàrá tí a ń lò ní Agbowó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, ní nǹkan bí ọdún 1985. Ìwọ náà mọ bí Agbowó ṣe rí nígbà náà: ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tùn-ún, búkà lósì, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì kò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, bí a bá ti wọ yàrá yẹn tán, ìlú mìíràn la wọ̀.

Eré ni a ń ṣe. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ olùkọ́ fásitì tó ń gbé ní Bódìjà, ló mú ìwé eré náà bọ̀ láti òkè òkun. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí káàdì. Ẹnu la fi ń ṣe é. Òun la fi ṣe Apàlọ́, òun ló ń sọ fún wa irú ìlú tí a wà àti ọ̀tá tó dúró lójú ọ̀nà. Àwa mẹ́fà yòókù, oníkálukú ló ní jagunjagun tirẹ̀, tó kọ ìtàn àti agbára rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, tó sì ń fẹnu sọ ohun tí jagunjagun náà ṣe. Bó bá di ìjà, dáìsì lúdò ló ń pinnu ẹni tó máa yè. Ẹni tí jagunjagun rẹ̀ bá kú, á fa ìwé rẹ̀ ya, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Gbogbo jagunjagun wa ló wà nínú Ẹgbẹ́ Onídà Ìmùlẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni ìwé fi sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà, àmọ́ àwa sọ ọ́ di odidi ìlú. A kó oyè Ìbàdàn wọ̀ ọ́: láti Jagun lèèyàn ti ń gòkè títí á fi di Balógun. A ní ìgbìmọ̀, a ń dìbò, a sì ní ìkíni tiwa. Bí ará idà méjì bá pàdé, ẹni kékeré á fi ọwọ́ ọ̀tún bo àyà. Títí dé ẹnu géètì fásitì la ń kí ara wa bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan tilẹ̀ rò pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wá. Èmi ò bìkítà. N kò tíì rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin ni Balógun wa, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jẹ́ríkò. Odindi ọdún kan ló fi gun àkàbà oyè. Kì í pariwo. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, èèyàn á kàn rí i pé òun ti gbà.

Pákó lásán ló wà láàárín wa àti káfíńtà, kò sí ohun tí a sọ tí wọn ò gbọ́. Ará Ṣakí ni wọ́n, wọ́n á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, Bọ̀ọ̀dá la ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, èérún pákó kún orí wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gba èmi náà sínú ẹgbẹ́ idà yìí?”

Apàlọ́ ṣí ìwé. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ọmọ ìjòyè nìkan ni òfin ní ká gbà.”

Balógun wò ó. “Ọmọ ìjòyè mélòó ló jagun sọ Ìbàdàn di ńlá? Ẹni tó bá lè jà ni wọ́n gbà.”

Àwa mẹ́fà dìbò, Apàlọ́ kì í dìbò. Ẹni mẹ́ta fara mọ́ ọn, ẹni mẹ́ta kọ̀. Mo wà lára àwọn tó kọ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀tún Balógun ni mí, ojú oyè Balógun ni mo ń wò, mo sì ń wá ojúrere Apàlọ́. Ìyẹn ni òótọ́ ibẹ̀.

Òfin wa ni pé bí ìbò bá ṣe déédéé, idà ni yóò parí ẹjọ́: ẹnì kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jà á dójú ikú. Jagun kékeré ni gbogbo wa máa ń tì síwájú nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, torí ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ ọdún kan ta tẹ́tẹ́? Balógun dìde fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn láti kojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ju dáìsì. Nígbà kẹta, mo ju mẹ́fà, ó ju méjì.

Ó fa ìwé rẹ̀ ya sí méjì. Kò fajú ro. “Ẹ fún mi ní ìwé tuntun,” ó ní. “Mo ti di Jagun.”

Bí mo ṣe di Balógun nìyẹn, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wo ìwé tó ya yẹn. Balógun tuntun ní àṣẹ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ̀. Mo lo tèmi lójú ẹsẹ̀: “Ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá wọlé.” Apàlọ́ wò mí títí, ó pa ìwé dé, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìbúra wa, mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá. A kì í yọ idà sí ẹni tí kò ní ohun ìjà. A kì í fi ará idà sílẹ̀ nínú ìdààmú. A ó gbọ́ ti ọba títí dójú ikú. Rúlà la máa ń fi ṣe idà tí a fi ń búra, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹnì kan mú ṣísẹ́ẹ̀lì tí Bọ̀ọ̀dá fi ń gbẹ́ pákó wá. Bọ̀ọ̀dá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Irin gidi lẹ gbé wá yìí. Òun ni mo fi ń jẹun. N kì í fi irin búra ṣeré. Ẹ tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa.”

Mo tún un sọ.

“Ti ọba yẹn, n ò lè ṣe é. N ò mọ ọba náà rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Méjì tó kù, màá ṣe é.”

Wọ́n fi ètè kan irin náà, wọ́n sì búra ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wọn, gbogbo wa tún ìbúra wa ṣe, Apàlọ́ pàápàá, láìsí ọ̀rọ̀ ọba níbẹ̀.

Ní ìsinmi ọdún yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ sílé, àfi Balógun wa àtijọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Jẹ́ríkò; èmi nìkan ló kù ní Agbowó, táífọ́ọ̀dù sì dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ò rí mi fún ọjọ́ méjì, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n pọ̀n mí sẹ́yìn lọ bá takisí, ó di ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, kò sì sí ọ̀sán tí wọn ò gbé ògì wá. Balógun wa àtijọ́ ló sọ fún mi pé oníbàárà kan, tó fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó, ti kó pákó rẹ̀ lọ fún káfíńtà mìíràn torí pé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá wà ní títì ṣáá.

“Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ nítorí tèmi?”

“Mo ti búra.”

“Eré mà ni, Bọ̀ọ̀dá.”

Wọ́n rọ ògì sínú kọ́ọ̀bù. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣeré,” ni wọ́n wí.

Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé àwa la ṣe Bọ̀ọ̀dá lóore tí a gbà wọ́n. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni ẹgbẹ́ wa tó di ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bẹ àlùfáà pé kí wọ́n rọra ka ẹ̀jẹ́ náà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dáhùn. Ìyàwó mi rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́.